Ẹ gbé irin lánàá, ẹ fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lónìí? Ẹ ka èyí ná

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Mushin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní nǹkan ń ṣe ẹ̀dọ̀ mi o." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni, àwọn tó fẹ́ gbà á sì ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì láàbù jáde, AST ga, ALT náà ga. Ẹni tó fún un níwèé náà bi í bóyá ọtí ló ń mu ni àbí àgbo. Kì í mu ọtí. Àgbo kẹ̀? Ìyá ẹ̀ ò lè gbà kó gbé e wọlé.

Mo bi í pé kí ló ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo tún bi í. Ó wá ní, "Àfi jíìmù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sà. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ní ká ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀. Títí di Túsìdeè, ṣe ni mò ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa." Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀.

Mo ní, "Àbúrò, padà lọ bá dókítà, kó o sọ ọ̀rọ̀ jíìmù yẹn fún un." Màá sọ bó ṣe parí fún yín nísàlẹ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé àwọn tó ń gbé irin ní Mainland báyìí pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì mọ ohun tí irin ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti Yaba dé Surulere, jíìmù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù wà, èyí tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sínú ike ọ̀dà tí wọ́n wá fi páìpù so pọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé. Ẹ lọ sí pápá ìṣeré ńlá Surulere láàárọ̀ Sátidé, èyí tí wọ́n kọ́ fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973, ẹ ó rí àgbà, ẹ ó rí ọmọdé, gbogbo wọn ń làágùn. Bí ara bá sì ń ro ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ni kóòṣì máa sọ: "Lactic acid ni." Kì í ṣe òun o.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé irin. Àkọ́kọ́ yára dé, ó sì yára lọ: ìyẹn ni lactate. Ìkejì kì í yára dé, kì í sì í tètè lọ: ìyẹn ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jò jáde látinú iṣan. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn ń pa pọ̀ mọ́ra wọn.

Inverter, jẹnẹrétọ̀ àti NEPA

Ẹ wo iṣan yín bí ilé kan ní Èkó. Ilé náà ní inverter, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ní iná NEPA. (Ẹ jẹ́ ká kàn gbà pé NEPA tiwa yìí kì í lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.)

Inverter yẹn ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní phosphocreatine. Iṣan ti tọ́jú ẹ̀ pamọ́ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé irin tó wúwo lójijì, òun ló kọ́kọ́ dá yín lóhùn, kò dẹ̀ dúró de atẹ́gùn kankan. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣí agbára yẹn sílẹ̀ ń jẹ́ creatine kinase, CK ni wọ́n ń kọ sórí ìwé láàbù. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a. Wàhálà inverter ni pé kì í pẹ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé. Iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ kíákíá, láìdúró de atẹ́gùn náà, lactate ló sì máa ń jáde níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ọ́ di lactate ni LDH. NEPA ní tiẹ̀ ni iná tó ń fi atẹ́gùn jó ṣúgà àti ọ̀rá, èyí tó ń gbé ẹni tó ń sáré láti Yaba dé Fádéyì láìdúró. Kì í yára, àmọ́ ó máa ń pẹ́.

Èèyàn tó jókòó jẹ́jẹ́ ń ní lactate tó tó 1 mmol nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó le, tí kò sì sinmi púpọ̀ láàárín, tiẹ̀ lè wọ 10, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún gba ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ tàbí kó kù díẹ̀. Tó bá dẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ dípò kó kàn sùn sílẹ̀, ó máa yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú nǹkan báyìí ò lè jẹ́ ohun tó ń ro yín lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kò sí nílé mọ́ nígbà yẹn.

Ibo ló lọ? Wọ́n jẹ ẹ́ ni. Ọkàn máa ń fi lactate ṣe epo. Àwọn iṣan tó ń sinmi ń jó o. Ẹ̀dọ̀ ń gbà á, ó ń sọ ọ́ di ṣúgà padà, ó sì ń dá a padà fún iṣan. Carl àti Gerty Cori, tọkọtaya kan tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe ọ̀nà yẹn. Ẹni tó dá lactate lórúkọ burúkú ni ìwádìí àwọn ará Cambridge méjì, Fletcher àti Hopkins, ní 1907. Wọ́n lo iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n rí i pé lactic acid ń pọ̀ nínú iṣan tó ti rẹ̀. Ìwádìí yẹn dáa, ó tọ́. Àmọ́ iṣan tí wọ́n ti gé kúrò lára ò ní ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé nǹkan lọ, kò dẹ̀ ní ọkàn tó máa jẹ ẹ́. Ó lé ní àádọ́rin ọdún kí George Brooks ní Yunifásítì California tó wá fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé epo ni lactate, pé ṣe ni ara ń há a kiri fún ara wọn. Kóòṣì yín ṣì wà ní 1907.

Ṣé irin tó wúwo jù ló ń mú lactate pọ̀ jù?

Ọ̀pọ̀ máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o.

Ẹ wo Adijat Ọlárìnóyè, ọmọ Nàìjíríà tó gba góòlù ní Ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022. Ó gbé kílò 92 lẹ́ẹ̀kan, ó gbé 111 lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 203, òun fúnra rẹ̀ ò dẹ̀ ju kílò 55 lọ. Ẹ tún wo Fọláṣadé Olúwafẹ́míayọ̀ tó dùbúlẹ̀ ti kílò 167 sókè ní Paralympics Paris lọ́dún 2024, tó fi fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń gbé e, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á sì sinmi dáadáa kí wọ́n tó padà. Inverter ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì ráyè gbóná.

Àwọn tí lactate wọn máa ń fò sókè ni àwọn tó mú irin tó tó ìdá 70 nínú 100 agbára wọn, tí wọ́n gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí méjìlá, tí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1990, William Kraemer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwọn méjì wéra: irin téèyàn lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 1, àti èyí tó wúwo jù ú lọ, téèyàn ò lè gbé ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3. Èyí tó fúyẹ́ díẹ̀, tí ìsinmi rẹ̀ kéré, ló mú lactate pọ̀ jù. Nítorí náà, ooru tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú iṣan nígbà tẹ́ ẹ wà lórí kejìlá, iye ìgbà àti ìsinmi kékeré ló dá a sílẹ̀ ju ìwúwo lọ. Kò burú. Kò dẹ̀ fi hàn pé ẹ ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó gbé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Èyí tó ń pẹ́: ẹ́ńsáìmù tó ń jò

Ara tó ń ro yín ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ohun mìíràn ni. Ní 1902, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Theodore Hough ti sọ pé ó dà bíi pé àwọn okùn tíntìntín inú iṣan ló máa ń ya. Ohun tí àwọn ìwádìí tó wá lẹ́yìn náà ń sọ náà nìyẹn. Ohun tó sì ń ya wọ́n jù ni ìgbà tí iṣan ń gùn nígbà tó ṣì ń fà: tẹ́ ẹ bá ń sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń lóṣòó pẹ̀lú ẹrù léjìká, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá ti jẹ ìyà frog jump rí nílé ìwé mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n fìyà jẹ yín kọ́ ni ẹ sunkún, ọjọ́ kejì ni, nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó sí ilé ìgbẹ́.

Nígbà tí awọ iṣan bá ya báyìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. CK tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń ṣí inverter, ló pọ̀ jù níbẹ̀. LDH náà ń jò. AST ń jò, ALT díẹ̀ ń jò. Kì í ga lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹrin ni CK máa ń dé òkè, ó dẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó padà sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yàtọ̀ sí lactate, èyí tí kì í ju wákàtí kan lọ.

Ìwúwo irin ń kó ipa níbí, bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó náà ń kó ipa. Àmọ́ èyí tó ju gbogbo wọn lọ ni bóyá ara ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sí ọjà Ọjúwòyè ní Mushin, ẹ wo àwọn alábàárù tó ń gbé àpò ìrẹsì láti àárọ̀. Iṣẹ́ wọn ju ti ẹnikẹ́ni ní jíìmù lọ, wọ́n dẹ̀ ń padà wá lọ́la. Iṣan wọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé bárékè tuntun, tó ń lọ sí jíìmù ní Yaba déédéé, síbi iṣẹ́ wọn fún ọjọ́ kan, ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Àwọn olùwádìí ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ kan náà, téèyàn bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kì í mú CK ga tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ ló ń pani lára. Ìgbà àkọ́kọ́ sì ni kóòṣì máa ń fẹ́ fi hàn yín pé òun le.

Ibi tí láàbù ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́

AST àti ALT, orúkọ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi mọ̀ wọ́n. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Àmọ́ iṣan náà ní wọn, AST pàápàá. Ní Sweden, wọ́n mú ọkùnrin 15 tí ara wọn le, tí wọn kì í gbé irin déédéé, wọ́n ní kí wọ́n gbé irin fún wákàtí kan péré. Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. AST, ALT, LDH àti CK gbogbo wọn ló ga, ó sì kéré tán ọjọ́ 7 ni wọ́n fi wà lókè. Wákàtí kan o! Àwọn tí ò ga ni bilirubin, GGT àti ALP, ìyẹn àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀ ju ti iṣan lọ.

Ibẹ̀ ni dókítà tó mọṣẹ́ ti lè mọ ìyàtọ̀. Tí AST àti ALT bá ga, tí GGT àti bilirubin bá wà bó ṣe yẹ, tí CK wá fò sókè ju gbogbo wọn lọ, iṣan ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ìwọṣẹ́ ni wọ́n ti ń wo CK, kò dẹ̀ sẹ́ni tó máa bi yín pé ṣé ẹ lọ jíìmù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi irin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó lọ gba ẹ̀jẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ tàbí ti físà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ wá fi jíìmù bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ o. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà gan-an, ọ̀pọ̀ tó ní in ni ò mọ̀. Tí èsì bá ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn náà, kẹ́ ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ìsinmi. Tó bá ṣì ga, ẹ má bá irin jà mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Ohun kan tún wà nípa CK tó kan àwa gan-an. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì pé kó má jù báyìí, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú wọn. CK aláwọ̀ dúdú máa ń ga ju tiwọn lọ, kódà tó bá jókòó sílé. Nínú ìtọ́sọ́nà tí àwọn dókítà onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan ní Yúróòpù gbé jáde ní 2010, ibi tí wọ́n fi òpin sí fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jẹ́ 801, ti ọkùnrin tí kì í ṣe dúdú jẹ́ 336. Ti obìnrin aláwọ̀ dúdú jẹ́ 414, ti àwọn yòókù jẹ́ 217. Nítorí náà, ọmọ Surulere tí CK rẹ̀ jẹ́ 600 lè máà ní ìṣòro kankan, síbẹ̀ kí wọ́n fi yíǹkì pupa yí nọ́ńbà ẹ̀ po.

Ìgbà tí kì í ṣe eré mọ́

Ó ní ìgbà tí iṣan máa ń ya ju ohun tí ara lè gbà lọ. Òyìnbó ń pè é ní rhabdomyolysis. Lójú ọ̀pọ̀ dókítà, CK tó bá ti ju ìlọ́po márùn-ún òpin rẹ̀ lọ ti yẹ kéèyàn wò dáadáa, pàápàá tí ara kò bá dáa. Kì í ṣe CK fúnra rẹ̀ ló ń pani. Ohun pupa kan tó ń jẹ́ myoglobin ló ń jò jáde pẹ̀lú ẹ̀, òun ló máa ń lọ dí kíndìnrín.

Àmì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan nínú: ẹ wo ìtọ̀ yín. Tó bá dúdú bíi kóòkì tàbí tíì tí kò ní mílíìkì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, tí iṣan wú, tí ìrora rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ ò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà, ilé ìwòsàn ni o, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe kẹ́mísì. Àwọn tó wà ní Mushin àti Surulere, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Omi ni wọ́n máa ń fà sí èèyàn lára níbẹ̀, kí kíndìnrín lè fọ̀. Tó bá tètè dé, ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá lọ́ra lè dé ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ sì mọ iye tíyẹn jẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí.

Ohun tó ń mú un yá ni ooru, àìmu omi, iṣẹ́ tí ara ò mọ̀ rí, àti oògùn ìrora kan bí ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn kan máa ń gbé mì kí wọ́n lè padà sí jíìmù. Nígbà tí omi ò bá sí lára, oògùn yẹn ò dáa fún kíndìnrín rárá.

Ẹ̀yin AS, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS. Wọ́n máa ń sọ fún yín pé kò sí wàhálà, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ AS ẹlẹgbẹ́ yín. Lápá kan, òótọ́ ni. Àmọ́ ní 2016, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48,000. Ewu kí iṣan ya lọ́nà burúkú báyìí fi ìdá 54 nínú 100 pọ̀ lára àwọn AS ju lára àwọn yòókù lọ. Ikú ò pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ o, ẹ gbọ́ ìyẹn náà, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sinmi, kí ara wọn sì mọ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. AS lè gbé irin. Kó má kàn ṣe é lọ́sàn-án gangan lábẹ́ páánù tí kò sí fáànù, kó má dẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo lé òun kọjá ibi tó ti rẹ òun. Ẹni tí kò bá mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, ilé iṣẹ́ Sickle Cell Foundation wà ní iwájú LUTH níbẹ̀ náà, kó lọ bi wọ́n léèrè.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀: lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì fún iṣan kọ̀ọ̀kan ti tó, pẹ̀lú irin tẹ́ ẹ lè gbé kẹ́ ẹ ṣì ní agbára tó kù. Ó máa dà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Iṣan yín á ti gbọ́ ìròyìn náà, ọ̀sẹ̀ kejì á sì rọrùn.

Ọmọkùnrin Mushin yẹn padà lọ bá dókítà. Dókítà náà ṣe àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ fún un, kò ní in. Ó ní kó fi irin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún padà wá. Nígbà tó padà, AST àti ALT ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ. Iṣẹ́ náà ṣì ń dúró dè é, ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ní Yaba. Ó ṣì ń lọ jíìmù. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ gbọ́ sétí.